Kíkó gọ́tà kí òjò tó dé: ọ̀nà mẹ́rin, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lápò ẹni

Bí ẹnì kan bá ní òun á bá yín kó gọ́tà, tó sì dá iye lé e, ẹ má tíì nájà. Ẹ bi í léèrè ná: gọ́tà wo? Orúkọ kan náà la fi ń pe kòtò tó gba ẹnu ilé kọjá àti èyí tó ń gba omi lórí òrùlé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn ò jọra, irinṣẹ́ wọn ò jọra, ewu wọn ò sì jọra. Aládùúgbò mi kan sanwó "gọ́tà" lọ́dún kan, ó gbà pé ó ká ti òkè àti ti ilẹ̀. Ti ilẹ̀ nìkan ni wọ́n kó. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, sílíìn yàrá rẹ̀ já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú títí dé ìparí: ibo ni ẹrẹ̀ náà ń lọ?

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó dé ilé mi n'Ìbàdàn, mo fún àwọn ọmọkùnrin méjì níṣẹ́ torí pé owó tiwọn ló kéré jù. Wọ́n ṣiṣẹ́ o, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Kí oòrùn tó mú, gọ́tà ti mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. "Ìyá, ó ti tán o." Inú mi dùn, mo fi owó omi lé e fún wọn. Ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde wà létí gọ́tà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi èyí ṣe, wọ́n ní ó máa gbẹ. Ní òru ọjọ́ kẹta, òjò kan rọ̀, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi owó mi rà.

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kíkó jáde kì í wọ́n. Kíkó dànù ló ń jẹ owó. Ẹni tó dá iye kékeré lé e sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ka ìdajì kejì iṣẹ́ náà mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹrù yín

Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti di àwàdà kí ẹ tó kà á. Òòjọ́ kan ni mo máa fi ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn iye tí lébírà kan ń gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ kan ní oríta tó sún mọ́ yín. Ẹ béèrè iye náà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣètò owó, kí ẹ wá fi í ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó kù.

Ẹ mú tépù. Ojú ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan n'Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ẹnu títì. Ti Èkó máa ń tó 60. Ká ní gọ́tà ẹnu ilé yín fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì jìn ní íńṣì 6, èyí tí kò pọ̀ rárá fún ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti àrọ̀kúrò èṣí. Bí a bá sọ ọ́ di lítà, ó lé ní 1,400. Wílíbárò tí a ń lò níbi iṣẹ́ bíríkìlà máa ń gba nǹkan bí 60 lítà, ìyẹn ni pé wílíbárò 23 tàbí 24 ni. Yanrìn tó ti mumi yó wúwo: lítà kan lè tó kílò kan àti àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Gbogbo ẹrù náà yóò lé ní tọ́ọ̀nù méjì, bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì 40 sí 48 kúrò lẹ́nu ilé yín.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ó rí i pé ẹni tó ní ọwọ́ òun nìkan ni òun fi máa ṣe é, láàárín wákàtí méjì, kò ní gbé ẹrẹ̀ yẹn lọ síbì kankan. Lójú tèmi, lébírà méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ máa lo ọjọ́ kan gbáko láti kó ìwọ̀n yẹn jáde kí wọ́n sì dì í sínú àpò. Òòjọ́ méjì nìyẹn. Ọkọ̀ tó máa kó o lọ kò tíì sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é

Àwọn tó dàgbà láàárín wa rántí ìmọ́tótó àyíká tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ láàárín 1984 sí 1985. Láàárọ̀ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ rìn, olúkúlùkù á mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ jáde. Kó tó dìgbà yẹn, wolé-wolé ló ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa. Bí ó bá yọ ní kọ̀rọ̀, gbogbo agbo ilé á máa sáré fọ ìkòkò omi. Ìjọba Èkó fagi lé ìséde àárọ̀ Sátidé yẹn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016 lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti sé àwọn èèyàn mọ́lé nítorí rẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá ìséde padà. Àmọ́ ohun kan lọ pẹ̀lú rẹ̀: àṣà kí a máa fọwọ́ kan gọ́tà lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù yẹn gan-an ni àṣírí ọ̀nà yìí. Bí ẹ bá fi ìdajì wákàtí gbọ́n pàǹtí àti yanrìn kúrò lóṣooṣù, ẹrẹ̀ ò ní ga ju ìka méjì lọ, àpò ìrẹsì àlòkù díẹ̀ á sì gbà á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọdún, kì í ṣe iṣẹ́ onílé mọ́, iṣẹ́ alágbàṣe ni.

Owó tó máa lọ sí i ni ti irinṣẹ́: ṣọ́bìrì tí orí rẹ̀ tẹ́jú, bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, àti ráàkì. Bí ẹ bá tọ́jú wọn, ẹ ó lò wọ́n fún ọdún púpọ̀. Ẹ má ṣe wọ sílípáàsì wọ inú gọ́tà o. Ìgò fífọ́, bíléèdì àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú egbò lẹ́sẹ̀, kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Ibi tó ti ń kùnà: ọ̀nà yìí ò yanjú ibi tí ẹrẹ̀ ń lọ. Ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí ilé kì í sábà fẹ́ gbé àpò yanrìn tútù, torí ó ń ba ọkọ̀ wọn jẹ́. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó dì í.

Ọ̀nà kejì: lébírà oríta

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ẹ lọ sí oríta láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ rí àwọn tó mú ṣọ́bìrì dání, ẹ mú méjì. Ó yá, ó rọrùn, owó ọjọ́ náà sì ni ẹ san. Àléébù rẹ̀ ni mo ti sọ nínú ìtàn mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Èmi ni mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ rà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n "kó gọ́tà", wọ́n á kó gọ́tà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kó o, kí wọ́n dì í sínú àpò, kí wọ́n tò ó sí ibi tí ọkọ̀ lè dé, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ohun tí ó ti ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé èmi ni mo ń ra àpò. Àpò ìrẹsì tó ti ya díẹ̀ dára jù, torí omi á jò jáde lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa dì í dé ìdajì, kí ẹnì kan lè dá gbé e. Ìwọ̀n tí mo ṣírò lókè máa gba nǹkan bí àpò 45. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí omi ro kúrò, ẹrù á fúyẹ́, ọlọ́kọ̀ ò sì ní bá yín ja nítorí omi tó ń kán. Ṣùgbọ́n inú àpò ni kí ó wà o, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Típà oní-tọ́ọ̀nù márùn-ún lè gba ẹrù ilé méjì irú tiyín. Nítorí náà, bí ẹ bá dá nìkan gba típà, ẹ ń sanwó fún ìdajì ọkọ̀ tó ṣófo. Ẹ wá aládùúgbò kan kí ẹ jọ dá a. Bí ẹrù ò bá pọ̀, ọmọlanke tàbí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù lè rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kó lè dá yín lójú pé kì í ṣe ojú odò ni wọ́n lọ dà á sí, ẹ ní kí ọmọ ilé kan bá ọkọ̀ lọ. Ẹrẹ̀ tó bá lọ sí ojú odò, pálọ̀ ẹlòmíràn ló máa wọ̀.

Ọ̀nà kẹta: ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń jà lórí owó ọlọ́dẹ láti ọdún tó kọjá, òun ni kí a tún gbé ti gọ́tà fún? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù, pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀.

Gọ́tà ẹnu ilé yín kì í ṣe gọ́tà yín nìkan. Bí ẹ bá kó tiyín mọ́ tónítóní, tí ẹni ìsàlẹ̀ kò kó tirẹ̀, omi á dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, á padà sẹ́yìn, á sì tún ja yanrìn sílẹ̀ ní tiyín. Bí ẹni òkè ò bá sì kó tirẹ̀, òjò àkọ́kọ́ tó bá tó òjò ló máa gbé ti ọ̀hún wá bá yín. Ẹni tó dá nìkan kó gọ́tà ń ra ìmọ́tótó ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo àdúgbò tó jọ kó o ní ọjọ́ kan ló ń ra ti oṣù mẹ́rin, márùn-ún.

Ìsàlẹ̀ ni kí iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gọ́tà ti ń já sí odò tàbí gọ́tà ńlá, kí ó máa gòkè bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilé alága, èyí tó sábà máa ń wà lókè. Omi á máa gbé ìdọ̀tí lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti owó, ọkọ̀ tí ilé méjì máa pín ní ìdajì-ìdajì, ogún ilé lè rí i gbà ní ẹ̀dínwó, torí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé òun á rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní àdúgbò kan náà láìpààrọ̀ ibi tó ń já. Ohun tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni àwọn tí kì í san. Ẹgbẹ́ tèmi gba ọgbọ́n kan: wọn kì í pín owó náà ní dọ́gba-dọ́gba, ìwọ̀n ẹnu ilé ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ní 100 ẹsẹ̀ bàtà lójú títì san ìlọ́po méjì ẹni tó ní 50. Ariwo dín kù, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ayálégbé kì í san ún ní àdúgbò wa, onílé ni. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀.

Àwọn gọ́tà ńlá tí ìjọba gbẹ́ kò sí nínú èyí. Ní Èkó, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Emergency Flood Abatement Gang ló ń kó irú wọn. Tí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló dí, ẹ má fi owó àdúgbò kó o. Ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lú fọ́tò, kí alága buwọ́ lù ú, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ padà pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin: agbaṣẹ́ṣe pẹ̀lú àdéhùn ọdún

Èyí dára fún ilé ìtura, ilé ìwé, ẹsíteètì, àti ẹni tí kò sí nílé. Wọ́n á wá ní iye ìgbà tí ẹ bá fẹnu kò sí, wọ́n á mú irinṣẹ́ tiwọn, wọ́n á gbé ẹrẹ̀ lọ, wọ́n á sì fún yín ní rìsíìtì. Ó wọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ bí ẹ bá ń wo ìgbà kan péré. Bí ẹ bá pín in sí ìgbà mẹ́rin lọ́dún, pẹ̀lú ọkọ̀, pẹ̀lú àpò, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti lébírà oríta tí ẹ ṣe dáadáa. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ohun tí ẹ máa wò nínú ìwé àdéhùn kò pọ̀. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ àti oṣù wo, kì í ṣe "nígbà tó bá yẹ". Ẹ wo ẹni tó ń san owó bí wọ́n bá fọ́ sílábù tí ẹ fi bo gọ́tà. Kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní "kíkó dànù" nínú, ní ọ̀rọ̀ tó hàn gbangba. Bí ó bá jẹ́ "ìmọ́tótó gọ́tà" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fún gọ́tà ilẹ̀ oní-50 ẹsẹ̀ bàtà tí mo ṣírò. Ìdíyelé tèmi ni, kì í ṣe òfin:

| Ọ̀nà | Iye iṣẹ́ | Ibi tí ẹrẹ̀ ń lọ | Bó ṣe ń pẹ́ tó |
|---|---|---|---|
| Ọwọ́ ara ẹni, lóṣooṣù | Ìdajì wákàtí lóṣù, owó irinṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan | Ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tó ń lọ | Títí á fi sú yín |
| Lébírà oríta | Òòjọ́ 2, àti àpò, àti ìdajì típà | Ibi tí ẹ bá sọ, bí ẹ bá sọ ọ́ | Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí aládùúgbò ò bá kó tirẹ̀ |
| Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù | Ìpín yín nínú òòjọ́ àti ọkọ̀ | Ọkọ̀ kan ló ń kó gbogbo rẹ̀ | Ó lè gbé yín la àkókò òjò kan já |
| Agbaṣẹ́ṣe | Iye tó wà nínú ìwé | Ibi tó wà nínú ìwé | Títí àdéhùn á fi parí |

Ti òkè ńkọ́?

Ilé tí wọ́n ti bí mi kò ní gọ́tà òkè rárá. Àgbá la gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, omi tó bá sì kún un la fi ń fọṣọ. Bí ilé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ lórí abala yìí. Ẹ ṣáà máa wo ẹsẹ̀ ògiri, torí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ máa ń gbẹ́ ilẹ̀ ìpìlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilé ìgbàlódé ló ní wàhálà. Òjò tó bá jìn ní mílímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Òrùlé tí irú ààyè bẹ́ẹ̀ 150 wà lórí rẹ̀, bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ lé e, á da lítà 7,500 sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25, ọ̀ọ́dúnrún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó rọ̀ n'Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀ lé ní mílímítà 180. Ọjọ́ yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá omíyalé lọ, afárá sì wó káàkiri. Òrùlé kan ṣoṣo bí èyí tí mo ń sọ á ti da omi tó tó tánkà oní-lítà 10,000 méjì àti ààbọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ń béèrè ọ̀nà ni. Bí ẹyọ ọ̀rá píọwọ́tà kan bá dí ihò tó yẹ kó gbà, sílíìn yín ló máa gbà.

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Gọ́tà ike, èyí tó funfun, ló rọrùn jù láti kó: ẹni kan, àkàbà kan, korobá kan, àárọ̀ kan. Àmọ́ oòrùn wa máa ń jẹ ẹ́ gbẹ. Bí ó bá ti pẹ́ lórí ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àkàbà tì í, yóò ṣẹ́. Gọ́tà páànù le jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ló ń jò. Ẹni tó bá kó o, kí ó gbé tíúbù sílíkọ́ọ̀nù kan dání, kí ó dí ibi tó ń jò ní ìgòkè kan náà. Owó àkàbà méjì ni ẹ máa san bí ẹ bá pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ méjì.

Ẹ̀kẹta ni gọ́tà kọnkéré tó fara pamọ́ sẹ́yìn páràpẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Èkó àti Ìbàdàn ń ṣe báyìí kí páànù má bàa hàn. Ó lẹ́wà. Òun náà ló ń ba ilé jẹ́ jù. Ẹnikẹ́ni ò rí inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ewé á jókòó síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ọmọ aládùúgbò á jókòó síbẹ̀, koríko á hù. Rọ́bà dúdú tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kí omi má bàa mu kọnkéré ni ohun tó wọ́n jù níbẹ̀, òun ni ṣọ́bìrì irin sì máa ń ya. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó fẹ́ gòkè pé kí ló máa fi kó o. Bí ó bá ní ṣọ́bìrì, ẹ fún un ní ike ìkódọ̀tí àti ìgbálẹ̀. Owó àtúnṣe rọ́bà náà lè ju owó kíkó gọ́tà ọdún mẹ́wàá lọ.

Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ ti kó o, ẹ ní kí púḿbà lu ihò kan sára páràpẹ́ẹ̀tì, kí ó ki páìpù kúkúrú sí i, kí ó wà lókè díẹ̀ ju ibi tí omi máa ń dé lọ. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá dí, omi á yọ jáde sí gbangba, ẹ ó rí i láti ojú títì, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí òrùlé, mi ò rí èyí tó sàn tó o.

Ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀. Páànù lóńgsípáànù tó nípọn ní mílímítà 0.45 máa ń tẹ̀ wọnú ju ti 0.55 lọ, ojú ìṣó ni kí ó máa tẹ̀, torí igi wà lábẹ́ rẹ̀. Òrùlé ásíbẹ́sítọ̀sì àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Àkàbà: bí ó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹnì kan sì dì í mú. Owó ẹni tó di àkàbà mú gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí wọ́n dá. Ẹni tó bá ní òun nìkan ló ń gòkè, owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ẹ ro owó ilé ìwòsàn mọ́ ọn.

Ìgbà wo ni kí ẹ san án?

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ti àkọ́kọ́, ní ìparí oṣù Kejì sí àárín oṣù Kẹta, kí àkọ́rọ̀ tó dé. Ewé tí ọyẹ́ wó lulẹ̀ ti jọ pọ̀ nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ sì gbẹ, nítorí náà ẹrù fúyẹ́ gan-an. Kíkó ẹrẹ̀ gbígbẹ ní oṣù Kejì àti kíkó ẹrẹ̀ tútù ní oṣù Karùn-ún, òòjọ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ọkọ̀ máa rìn ò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ìsinmi oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára ní oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí, bẹ́ẹ̀ òjò ìpele kejì ló ń bá gọ́tà tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta lẹ́yìn àrọ̀kúrò, kí omi má bàa dúró sí i fún ẹ̀fọn jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò á bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ sì dá tiyín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń wá lébírà, òòjọ́ á sì gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ohun kan wà tó ń dín owó ju gbogbo ìnájà lọ: ohun tó ń wọnú gọ́tà. Ìjọba Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìíní 2024. Irú ike bẹ́ẹ̀ ò wúwo, kì í rì, ṣe ló ń léfòó lọ bá ihò tó tóbi jù kí ó lè dí i. Nínú ilé tèmi, ẹni tó bá gbá ìdọ̀tí sínú gọ́tà ló máa kó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti kó o lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun

Àwa tó ní ẹ̀gbọ́n ní London tàbí Houston tí wọ́n kọ́lé sílé mọ̀ bí nǹkan yìí ṣe ń lọ. Owó gọ́tà wá ní oṣù Kẹta, fọ́tò gọ́tà tó mọ́ dé sórí WhatsApp, gọ́tà ẹlòmíràn sì ni. Fọ́tò ò tó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, láìdá a dúró, títí dé inú gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àpò ẹrẹ̀ tí wọ́n tò hàn yín, kí wọ́n kà á sókè, kí ẹ fi wé iye àpò tí ẹ ti ṣírò tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún fi ọkọ̀ tó gbé e hàn nígbà tó ń kúrò.

Ìdajì owó ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Kí ẹnì kan wá da korobá omi méjì sí ẹnu òkè gọ́tà nígbà tí ẹlòmíràn dúró sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Bí omi bá dúró sójú kan nínú fídíò náà, ẹ má tíì san ìdajì tó kù.